Sòbìà Ẹsẹ̀ Sìmíátù

Àtìní, 13 Fẹ́búárì 1928

Ọyẹ́ ti kógbá wọlé, ooru ti gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún ti ń ya wọlé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá: agbádá mọ́kànlá, búbá mẹ́tàlélógún, ti àwọn ọmọdé kò sí nínú rẹ̀. Bí n kò bá máa kọ nǹkan sílẹ̀, n ó gbé ẹ̀wù lèmọ́mù fún alápatà, ìjà ni yóò sì dà.

Sìmíátù ní nǹkan ń yún òun lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo ní ẹ̀fọn ni. Ó ní, "Ẹ̀fọn Musin mà lágídí o. Ti Ìsàlẹ̀ Èkó á jẹ èèyàn, á sì bá tiẹ̀ lọ." Ó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan tí mo ti gbé e níyàwó, kò tíì ṣíwọ́ fífi Musin wé ilé ìyá rẹ̀.

Àlàmísì, 16 Fẹ́búárì

Kì í ṣe ẹ̀fọn. Ibẹ̀ ti lé, ó ń jó o bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí lára. Mo pe Màmá Sàúdátù láti yàrá kejì, nítorí kò sí ẹsẹ̀ tí sòbìà wọ̀ ní agboolé yìí tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ó tẹjú mọ́ ọn, kò fọwọ́ kàn án.

"Sòbìà ni," ló wí.

Sìmíátù wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rà á bọ̀ láti ọjà. Kò mọ̀ ọ́n rí. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń mu ní ilé tiwọn, etí lásán ni wọ́n fi ń gbọ́ sòbìà. Mo fi ṣe àwàdà, mo ní ó ti wá di ọmọ Musin gidi, mo sì fi àpá tèmi hàn án ní orúnkún. Kò rẹ́rìn-ín.

Kí sòbìà tó degbò, olúgànbẹ̀ là á ké sí. Màmá Sàúdátù ti ké sí i: ó gún ewé náà pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó fi lé ojú ibẹ̀, ó ní kí a máa retí ìgbà tí yóò bẹ́.

Àlàrùba, 22 Fẹ́búárì

A rí oṣù lánàá, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo ní kí Sìmíátù jẹun, Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun, kì í ṣe ọ̀fun.

Ìléròrò náà bẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Orí rẹ̀ yọ síta, funfun, kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Sìmíátù pariwo nígbà tó rí i tó ń mira.

Sátidé, 25 Fẹ́búárì

Màmá Sàúdátù fi igi ìṣáná mú orí rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan àbọ̀, ó dúró. Ó ní ojú òun kò ríran tó mọ́, pé èmi ni n ó máa yí i láti òní lọ.

"Ọwọ́ télọ̀ ni tìẹ. O mọ ibi tí òwú ti ń já."

Ó ní òwúrọ̀ ni kí n máa yí i, kí ẹlòmíràn má bá mi dá sí i, bí ó bá sì ti ń fà mí padà kí n fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mo ní bí ó bá já ńkọ́? Ó ní, "Èyí tó kù nínú á jẹrà sí i lára. Mo ti rí ẹni tó tibẹ̀ yarọ. Mo ti rí ẹni tó tibẹ̀ kú." Ó dìde, ó gbá ìdí rẹ̀, ó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná.

Àtàláátà, 28 Fẹ́búárì

Mo fi tépù mi wọ̀n ọ́n: íǹṣì mẹ́rin àbọ̀. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn. Sìmíátù ní kí n rán an mọ́ ọrùn agbádá alápatà, ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní.

Gàárì tún ti gbówó lórí. Bó ti ń rí nìyẹn bí ààwẹ̀ bá ti dé.

Àlàmísì, 1 Máàṣì

Íǹṣì méje. Ó sunkún, àmọ́ ó ní kí n máa yí i lọ.

Àtìní, 5 Máàṣì

Wolé-wolé wá lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Sylvester, ọmọ Ìjẹ̀ṣà oníṣòkòtò pénpé. Bí a bá ti gbúròó kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kálukú a sáré lọ da ìkòkò tó ní tanwíjí nù. Kò wo ìkòkò lónìí. Ẹ̀yìn mọ́sálásí ló gbà lọ tààrà, síbi kànga alátẹ̀gùn tí Bàbá mi gbẹ́.

Bàbá sáré tẹ̀lé e, ó ń yọ̀. Ó rò pé ìyìn ni ọkùnrin náà bá wá. Ó ń kà fún un bí òun ti fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún mẹ́ta, bí òun ti to òkúta àtẹ̀gùn méjìlá kí arúgbó lè sọ̀ kalẹ̀ dénú omi láti ṣe àlùwàlá, bí ó ti jẹ́ sàdáákà tí òun fi tọrọ ìdáríjì fún ìyá òun tó ti kú. Omi Yẹ̀kínnì ni gbogbo Musin ń pè é, orúkọ Bàbá ni. Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Obìnrin márùn-ún ló jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọmi. Sìmíátù wà nínú wọn. Omi tútù ló ń mú iná sòbìà rọlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọge kan ń pọn omi mímu.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀," ni Sylvester wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó ní bí ẹsẹ̀ tó ní sòbìà bá ti kan omi, sòbìà náà á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kòkòrò kan wà nínú omi tí kò tó ẹyin iná orí, á gbé wọn mì, àwa náà á sì gbé kòkòrò náà mì. Kò ní hàn. Kò ní dun ni. Á máa dàgbà nínú ara èèyàn fún odidi ọdún kan, kó tó wá ọ̀nà àbáyọ.

Bàbá ní, "Ọ̀gá wolé-wolé, èmi ń mu omi yìí láti ìgbà tí wọn kò tíì bí yín."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ti ní sòbìà rí ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà."

Sylvester kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni má fi omi náà ṣe àlùwàlá, kí wọ́n máa pọn ọ́n sókè ni kí wọ́n tó wẹ ẹsẹ̀. Ní ti mímu, kí wọ́n fi aṣọ funfun tí ojú rẹ̀ há bo ẹnu ìkòkò, kí wọ́n sẹ́ ẹ. Kòkòrò náà kò lè gba ojú aṣọ kọjá. "Aṣọ lásán ni," ló wí, ó sì yíjú sí mi, "ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ télọ̀."

Yàrá mi kún fún aṣọ funfun láti ilẹ̀ dé àjà.

Àtàláátà, 6 Máàṣì

Ọdún kan, ló wí. Mo ń ka oṣù láti àná. Fẹ́búárì ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé Sìmíátù wọlé mi. Wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe fún ìyàwó, òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́ nítorí ọ̀nà Èkó jìn. Èmi fúnra mi ni mo gbé igbá omi lé e lọ́wọ́. Ó mu ún tán pátá, àwọn obìnrin ilé hó yèè.

Mo ti fi kánbíríkì, aṣọ funfun tí mo fi ń ránṣọ, bo ẹnu ìkòkò wa báyìí. Mo lóye pé ó pẹ́ jù, àmọ́ mo ṣe é.

Jímọ̀, 9 Máàṣì

Mo bá Bàbá sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ní kí a sọ fún àwọn èèyàn láti máa sẹ́ omi. Ó ní ta ni yóò gbọ́ pé sàdáákà òun ń bí sòbìà? Ó ní iṣẹ́ òyìnbó ni kí wọ́n máa bá ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe jà. A kì í bá bàbá ẹni jiyàn lójú ààwẹ̀, èmi kì í sì í bá tèmi jiyàn lójú oṣù kankan.

Íǹṣì mẹ́rìnlá. Màmá Sàúdátù ní ó ku bí ìdajì.

Àlàrùba, 14 Máàṣì

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù sí ọdún. Agbádá mẹ́fà kò tíì lọ́rùn. Ìyàwó alápatà wá lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ó ní bí òun bá padà sílé láìgba ẹ̀wù ọkọ òun, òun ni wọn yóò pa dípò àgbò. Mo ní kó wá lọ́la láàárọ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí lórí ẹ̀rọ.

Àlàmísì, 15 Máàṣì

Mo ní láti kọ ọ́ bó ti rí.

Ìyàwó alápatà ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà kí n tó kírun tán. Ó ń pè mí, ó ń pè mí. Mo kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ Sìmíátù, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè mi, ọkàn mi wà lára ọrùn agbádá. Kí télọ̀ tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ fà á fìn-ín lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá ó yè. Ogún ọdún ni ọwọ́ mi ti ń ṣe é láìbi mí. Mo yí igi ìṣáná náà, mo sì fà á fìn-ín.

Ó já.

Ìyókù sá wọlé bí ìgbín ṣe ń fa orí. Omi funfun díẹ̀ tẹ̀lé e. Mo di igi náà mú, mo ń wò ó.

"Ó já?" ni Sìmíátù bi mí.

"Ó já."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ lọ dá obìnrin yẹn lóhùn, ó ti ń pariwo."

Nígbà tí Màmá Sàúdátù wọlé, mo la ẹnu, àmọ́ Sìmíátù yára ju mí lọ. "Màmá, èmi ni mo fà á. Mo fi ẹsẹ̀ kọ ìloro nígbà tí mo ń lọ ṣe àlùwàlá." Màmá Sàúdátù ká ọwọ́ lé orí, ó bú u, ó pè é ní ọmọ Èkó tí kò mọ ilẹ̀ tẹ̀. Sìmíátù gba gbogbo rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró níbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n bú u.

Jímọ̀, 16 Máàṣì

Ẹsẹ̀ náà wú dé agbedeméjì ojúgun. Mo fẹ́ sọ fún Màmá Sàúdátù. Sìmíátù ní, "Bí ẹ bá sọ ọ́, ṣé yóò padà jáde?"

Àlàádì, 18 Máàṣì

Ibà. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Bàbá wá, ó káàánú rẹ̀ gan-an, ó ń pè é ní "ìyàwó mi, ìyàwó mi." Ó bu omi kànga rẹ̀, ó ṣàdúrà sí i, ó rọra fi wẹ egbò náà. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, n kò lè gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá Sìmíátù.

Àtàláátà, 20 Máàṣì

Ìyá Sìmíátù dé láti Ìsàlẹ̀ Èkó, alágbàrù kan ru ìgò omi ńlá méjì tẹ̀lé e. Omi ẹ̀rọ. Ó gbé e láti Èkó dé Musin nínú oòrùn yìí. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa kí ó tó bu sí ife fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bi mí, ohùn rẹ̀ tutù, "Sàlíhù, irú omi wo lẹ fún ọmọ mi mu?"

Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀ níbẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ìlẹ̀kẹ̀ náà dúró ní ọwọ́ rẹ̀. Èmi ní, "Ìyá, omi tí gbogbo wa ń mu ni." Òótọ́ ni. Kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Àlàmísì, 22 Máàṣì

Mo parí agbádá tó kẹ́yìn. Egbò náà ti là, ó ń rùn. Màmá Sàúdátù kò gún ewé kankan mọ́. Ó ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ọdún bá ti kọjá, nítorí ta ni yóò gbé èèyàn lọ́jọ́ ọdún.

Jímọ̀, 23 Máàṣì. Ìtúnu ààwẹ̀.

Mo lọ sí yídì. Bí wọ́n ṣe forí kanlẹ̀ níwájú mi, gbogbo ẹ̀yìn tí mo rí ló wọ ẹ̀wù tí mo rán. Agbádá alápatà jókòó sí i lọ́rùn dáadáa, kò sí ẹni tí kò yìn ín. Ó dì mọ́ mi, ó ní ọwọ́ mi kò ní gbẹ láé.

Mo padà sílé kí wọ́n tó pín ẹran.

Àtìní, 26 Máàṣì

Sìmíátù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun le láti àárọ̀. A rò pé eyín ni. Lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ fẹ́ fi ṣíbí ki ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ẹnu kò là. Kì í ṣe pé ó kọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń bẹ̀ wá.

A tẹ́ ẹní sínú ọmọlanke, a gbé e sínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin agboolé ń tì í, èmi dì í mú kí orí rẹ̀ má máa gbá igi. Láti Musin dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, láti ibẹ̀ gba orí afárá wọ Èkó. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí táyà bọ́ sí kòtò, gbogbo ara rẹ̀ a fà gan, ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ̀ bí ọrun. Mo ń bẹ ilẹ̀ pé kí ó tẹ́jú.

Àtàláátà, 27 Máàṣì. Ọsibítù.

Dókítà la ẹsẹ̀ náà, ó mú ohun tó ti jẹrà nínú rẹ̀ jáde. Ó ní ibi tí sòbìà já sí ni ìdọ̀tí gbà wọlé, ìdọ̀tí náà ló dé iṣan rẹ̀. Ó béèrè ohun tó mú un já. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn: "Ó fi ẹsẹ̀ kọ ìloro ni." Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Báyìí, ó ti wà nínú ìwé méjì, tèmi àti ti dókítà; ọ̀kan purọ́.

Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá náà. Ariwo kékeré, ìmọ́lẹ̀ kékeré, ara rẹ̀ a fà. Nọ́ọ̀sì ní kí a bọ́ bàtà wa.

Àlàrùba, 28 Máàṣì

Ó mọ̀ mí. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó rọra gbé ìka rẹ̀ lé ọwọ́ mi, ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ awọ di líle, ó ń fi ìka náà rìn lórí rẹ̀. N kò rí àyè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, nítorí ìyá rẹ̀ jókòó lápá kejì, kò sì jáde.

Àlàmísì, 29 Máàṣì

Sìmíátù kú lọ́sàn-án òní, ìrun ọ̀sán kò tíì pé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo gé aṣọ òkú náà fúnra mi. A kì í rán an, nítorí náà kò gbà mí lákòókò.

Àlàádì, 1 Épírì

Òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀ lánàá. Kànga ti kún dé àtẹ̀gùn kẹrin, omi rẹ̀ mọ́ gaara, èèyàn á rí òkúta ìsàlẹ̀.

Bàbá lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn òkè láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo rò pé ó ń gbàdúrà. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tó bá ti ń bọ̀, "Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó mu ún. Ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ń kí i, wọ́n ń bá a kẹ́dùn ìyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń pọn omi. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń da orí rẹ̀ rú. Obìnrin kan tiẹ̀ bu omi tútù díẹ̀ fún un mu.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mu ún. Ó di igbá náà mú títí obìnrin náà fi lọ.

Àtàláátà, 3 Épírì

Mo gé kánbíríkì tó ṣẹ́kù sí wẹ́wẹ́, mo sì pín in káàkiri agboolé, ojúlé kan, ègé kan. Ní ìrọ̀lẹ́ mo rí mẹ́ta nínú rẹ̀ lórí okùn, wọ́n ti fi ṣe ìlédìí ọmọ. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí. Ohun tí gbogbo wa ti mu láti ọdún tó kọjá ti wà nínú wa, ó ń dàgbà, kò sí aṣọ tó lè sẹ́ ẹ kúrò mọ́. Ní Fẹ́búárì tó ń bọ̀ a ó mọ ẹsẹ̀ ta ni.

N kò tíì jókòó ti ẹ̀rọ láti ọjọ́ ọdún. Mo mú òwú láàárọ̀ láti ki í bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi fà á fìn-ín. Mo dìde níbẹ̀.

Àlàmísì, 5 Épírì

Fìdáù ọjọ́ kẹjọ lónìí. Àwọn èèyàn kún agboolé, lèmọ́mù ṣe wáàsí. Mo ti pinnu láti àná pé bí wọ́n bá ti ṣe àdúrà tán, n ó pe Ìyá Sìmíátù sí kọ̀rọ̀, n ó sọ fún un. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà. Mo ti sọ ọ́ fún ògiri títí kò fi mú mi gbọ̀n mọ́.

Kò dúró kí n pè é. Kí wọ́n tó pín sààrà, ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi wá, ó kúnlẹ̀. Ìyá ìyàwó mi kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ayé. Mo fẹ́ gbé e dìde, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Sàlíhù, èmi ni mo fi ojú burúkú wò ọ́ nígbà tí mo dé. Màmá Sàúdátù ti sọ fún mi. Ó ní láràárọ̀, kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ, o ń kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ó ní kò sí ọkọ tó ṣe irú rẹ̀ ní Musin yìí. Ọmọ mi ló jẹ́ aláìfarabalẹ̀, láti kékeré ló ti ń fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ọmọ tó ń rántí. "Ọwọ́ tó tọ́jú ọmọ mi yìí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rí ibi. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Gbogbo agboolé dáhùn. Ó gbé ojú sókè, ó ń dúró de tèmi.

Mo ní, "Àmín."